Ẹ̀rọ Tó Dárúkọ Goodness

“Ta ló gbá mi?”

Ìbéèrè tí Màmá Ẹniìtàn ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ nìyí, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn dání, ìbáà jẹ́ aládùúgbò tó wá kí i. Obìnrin àgbà náà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan ní Òkìtìpupa. Wọ́n ti fi igi di itan rẹ̀ ọ̀tún tó ṣẹ́, ojú rẹ̀ sì le koko bí ojú ẹni tí wọ́n jẹ ní èsì. Kò bèèrè ìgbà tí òun yóò lọ sílé. Kò bèèrè ẹni tí yóò bá òun tọ́jú púpurù, oúnjẹ gbágùúdá tí òun fi sórí àjà. Ìbéèrè kan ṣoṣo náà ló dì mú.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́lẹ́yẹ Adésànyà, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà, kúnlẹ̀ kí i kó tó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Màmá, wọ́n ní àwọn ti mọ ẹni náà. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Goodness ni.”

“Ta ni wọ́n?”

“Ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ni, Màmá.”

“Ṣé ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ ọ̀pẹ ni? Èmi àti ẹni tó gbá mi nìkan la wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ẹyìn tó já sílẹ̀. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti wà nínú koríko, agbọ̀n mi ti fò lọ. Ẹni náà bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó wá dúró lé mi lórí. Ó dé akoto, dígí dúdú wà lójú rẹ̀, ó sì fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Mo ní, ‘Ọmọ mi, fà mí dìde.’ Ó wò mí. Ó wo ọ̀nà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.”

“Ọkùnrin ni, Màmá, àbí obìnrin?”

“Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, èyí tó dà bí ewé, tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin. Oòrùn sì ń ta sí mi lójú láàrin imọ̀ ọ̀pẹ. N kò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.” Ó di ọwọ́ ọlọ́pàá náà mú. “Bó bá jẹ́ pé kò rí mi ni, ǹ bá dákẹ́. Ẹni yìí rí mi! Mo pè é ní ọmọ mi, ó sì fi mí sílẹ̀ bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi mọ̀ ọ́n. Ta ló gbá mi?”

Ọmọ́lẹ́yẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì ti rí olè, ó ti rí apànìyàn, ṣùgbọ́n inú bí i lọ́jọ́ náà ju bó ti máa ń bí i lọ. Àṣìṣe lè gbá ènìyàn lulẹ̀. Àṣìṣe kì í dúró, kó wo ojú arúgbó, kó tún wo ọ̀nà, kó tó lọ.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn méjì ti ń dúró dè é. Ọ̀gá Dèjì, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jùwọ́nlọ́lá, ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun náà ló sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Sátidé, èyí tí wọn yóò fi mú àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fa Goodness Akíntáyọ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ni wọn yóò gbé ọmọbìnrin náà lọ sílé ẹjọ́.

“Ẹ ṣàlàyé ọ̀nà ìdíje fún mi,” ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí.

“Láti Igbodigo ni a ti gbéra,” ni Ọ̀gá Dèjì bẹ̀rẹ̀. “A gba Òkìtìpupa kọjá, a lọ sí Ìkọ̀yà, a sì padà wá parí eré ní pápá ìṣeré níbí. Ẹni tó bá yà sínú oko ọ̀pẹ kò ní dé Ìkọ̀yà rárá. Ọ̀nà yóò kúrú fún un gan-an. Ohun tí Goodness ṣe nìyẹn, ó sì bá ìyá oníyàá pàdé níbẹ̀.”

“Ta ló rí i?”

Alága náà gbé ẹ̀rọ dúdú kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ sórí tábìlì. “Eléyìí ló rí i. Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ni, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni a ń so ó mọ́. GPS wà nínú rẹ̀. Gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà, yóò fi ìlà fà á sínú àwòrán ilẹ̀.”

“Bí ẹ̀rọ náà bá wá ń purọ́ ńkọ́?”

Ó dà bí ẹni pé wọ́n bú bàbá ọkùnrin náà. Ó dìde dúró.

“Ìyáàfin, èmi fúnra mi ni mo yan ẹ̀rọ yìí, n kò sì fi ojú ọjà yàn án. Irú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì kan ṣoṣo ló ń gbọ́. Bó bá ti wọ abẹ́ igi, yóò yadi. Bó bá jáde, yóò wá fa ìlà gbọnrangandan, bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ fò ni. Mo kọ ìyẹn. Irú kejì ní ojú tó mọ́lẹ̀ bí tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé e sínú oòrùn, n kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́, bátìrì rẹ̀ sì kú kí n tó délé. Mo kọ ìyẹn náà. Ìkẹta ní etí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ táyà láti máa ka bó ṣe ń yí. Ẹ̀yin náà mọ ẹrẹ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lásìkò òjò. Ọjọ́ kejì ni ẹrẹ̀ di etí náà pa. Eléyìí ń gbọ́ ti oríṣiríṣi sátẹ́láìtì, omi kì í wọ inú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, bọ́tìnì gidi sì ni à ń tẹ̀ lára rẹ̀, nítorí ọwọ́ tó ń làágùn kò lè fi ìka tẹ ojú ẹ̀rọ. Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.”

“Nígbà tó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀, ta lẹ fi ṣọ́ Ìkọ̀yà?”

“A ti mú àwọn olùṣọ́ kúrò. Kí ni ènìyàn tún fẹ́ ṣe níbi tí ẹ̀rọ bá wà?”

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọmọ́lẹ́yẹ lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó yíjú sí akọ̀wé.

“Jùwọ́nlọ́lá, ìwọ náà rí ìlà yìí?”

“Èmi ni mo so àwọn ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, Mà. Nígbà tí ariwo ìyá náà ta, èmi ni mo ní kí a yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Orúkọ Goodness ló jáde, mo sì fi ìlà rẹ̀ han alága. Ó dùn mí o! Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣe ojúsàájú.”

“Nígbà tí tirẹ̀ jáde, ẹ yẹ àwọn yòókù wò?”

“Kí la tún ń wá, Mà? A ti rí i.”

“Ipò wo ni Goodness gbà?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. “Ó wà lára àwọn tó dé kẹ́yìn,” ni Ọ̀gá Dèjì wí.

“Ẹni tó gba ọ̀nà àbùjá ló dé kẹ́yìn?”

“Ó ṣubú nígbà tó gbá ìyá náà, Mà,” ni Jùwọ́nlọ́lá yára dáhùn. “Ìyẹn ló dá a dúró.”

Àlàyé náà dán, ó sì bọ́ sí i. Ohun tó kọ Ọmọ́lẹ́yẹ lóminú nìyẹn. Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ pé òtítọ́ kì í sáàbà múra tán kí a tó pè é.

*

Goodness kò sunkún. Inú ń bí òun náà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, aṣọ ìdíje rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Mo dé Ìkọ̀yà, Mà. Ẹ̀rọ náà ló purọ́ mọ́ mi.”

“Kí lo rí ní Ìkọ̀yà?”

“Òkú ni mo bá pàdé. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà tó kú ni wọ́n ń gbé lọ sin, èrò tó wọ sùtánà kún títì. Aládùúrà ni wá nílé wa, Mà. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá, a kì í gun nǹkan kọjá lára wọn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo ṣí akoto, mo sì dúró títí wọ́n fi kọjá tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá lọ. Ìdí tí mo fi dé kẹ́yìn nìyẹn.”

“O sọ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ?”

“Mo sọ ọ́. Jùwọ́nlọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹlẹ́rìí mi dáa púpọ̀, pé òkú kì í rojọ́. Gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín.”

Ọmọ́lẹ́yẹ jáde. “Philemon! Gbé ọ̀kadà jáde.”

Kọ́púrà Philemon, ẹni tó ń wa ọ̀gá rẹ̀ kiri, so ẹ̀rọ dúdú náà mọ́ orí ọ̀kadà, wọ́n sì forí lé oko ọ̀pẹ. Ọ̀nà tóóró náà kún fún imọ̀ gbígbẹ. Orí ọ̀pẹ pàdé lókè bí àjà ilé, ojú ọ̀run kò sì hàn ju bí ihò ajere lọ.

“Ọ̀gá mi,” ni Philemon wí, bí ọ̀kadà ṣe ń jó nínú kòtò, “bí ìyàwó mi bá rí i pé eré kẹ̀kẹ́ ni mo ń sá kiri nínú igbó, iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí á bọ́ lọ́wọ́ mi o.”

“Máa wo iwájú rẹ.”

Ọmọ́lẹ́yẹ ní kó yà sọ́tùn-ún, ó ní kó yà sósì, ó ní kó yí po ìdí ọ̀pẹ kan bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí wọ́n jáde, ó wo ojú ẹ̀rọ. Gbogbo ìyípo wọn ló wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ìdí ọ̀pẹ náà.

“Kò purọ́,” ni ó wí.

“A jẹ́ pé ọmọ náà ló jẹ̀bi nìyẹn.”

“Philemon, mo ní ẹ̀rọ kò purọ́. N kò tíì sọ pé Goodness purọ́.”

Láti ibẹ̀, Ìkọ̀yà ni wọ́n gbà lọ. Ní ilé olóògbé, àga ìsìnkú ṣì tò sí ìta. Jẹ́jẹ́lọlá, àkọ́bí olóògbé, ló jáde sí wọn. Kí Ọmọ́lẹ́yẹ tó bèèrè ọ̀rọ̀ tán ni inú ti ń bí i.

“Àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ yẹn? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣépè lọ́jọ́ tí mo ń ṣọ̀fọ̀! A gbé bàbá mi dání, wọ́n ń tẹ agogo sí wa létí. Ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ya sùtánà Wòlíì ìjọ wa. Àfi ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ọ̀dà tó gbóná. Mo rí i, mo sì wí nínú ọkàn mi pé ilé ire ni wọ́n ti bí ọmọ yìí.”

Ọmọ́lẹ́yẹ fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù.

“Òun nìyí. Kí ló ṣe é? Ẹ má sọ fún mi pé nǹkan ṣe é o.”

“Wọ́n ní kò dé ibí.”

“Ta ni aláìnítìjú tó sọ bẹ́ẹ̀?”

*

Lábẹ́ ìbòòji kan létí títì, Ọmọ́lẹ́yẹ dúró, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà ro. Bí òtítọ́ méjì bá ń bá ara wọn jà, irọ́ kan wà láàrin wọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé Goodness dúró ní Ìkọ̀yà. Ó dájú pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ Goodness gba inú oko ọ̀pẹ. Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò ta ko ara wọn? Àfi bí a bá gbà pé orí kẹ̀kẹ́ Goodness ni ẹ̀rọ náà wà. Gbogbo ènìyàn ló ti gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tó rí i. Àlàyé tí Ọ̀gá Dèjì fi ń yangàn wá padà sọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n so etí rẹ̀ mọ́ táyà kan kì í gbọ́ ti táyà mìíràn. Ṣùgbọ́n eléyìí kò mọ táyà. Kẹ̀kẹ́ tí a bá gbé e lé ni yóò bá lọ. Ó mọ ibi tí ó wà dáadáa, kò sì mọ ẹni tí ó gbé e.

Ó pe àgọ́, wọ́n sì gbé fóònù fún Goodness.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti fún ọ ní ẹ̀rọ rẹ, ìgbà wo ló kúrò lọ́wọ́ rẹ?”

“Kò kúrò, Mà.” Lẹ́yìn náà ni ó rántí. “Àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbodigo, láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Wọ́n gbàdúrà sí gbogbo ẹ̀rọ wa.”

Ní Igbodigo, Wòlíì Benedict, olórí ìjọ náà, gbà wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́ ni, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́.

“Gbogbo wọn ló wá, àti ọmọ ìjọ àti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mo ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ wọn sínú abọ́ funfun níwájú pẹpẹ. Mo ní kí wọ́n tàn wọ́n sílẹ̀ ná.”

“Kí nìdí, Bàbá?”

“Ìyáàfin, ṣé a máa ń gbàdúrà sí ohun tó ń sùn ni? Ó gbọ́dọ̀ lajú kí àdúrà tó lè wọ inú rẹ̀.”

“Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́?”

“Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ mú nǹkan kúrò níwájú pẹpẹ. Èmi ni mo pín in. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dijú, mo sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ọwọ́ ẹni tó bá kàn.”

“Ẹ wo orúkọ tó wà lára wọn?”

“Orúkọ wo? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bí ẹyin adìyẹ. Mo rò pé ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.” Wòlíì náà wo ojú rẹ̀, ojú tirẹ̀ sì yí padà. “Àbí mo ti ṣe ọmọ ènìyàn léṣe ni?”

“Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin ṣe àṣìṣe. Ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di ìkà.”

*

Ní pálọ̀ Ọ̀gá Dèjì, wọ́n to gbogbo ẹ̀rọ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ọmọ́lẹ́yẹ ti mú Goodness wá. Jùwọ́nlọ́lá nawọ́ láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Alága ni kó jókòó síbẹ̀,” ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí. “Ọ̀gá Dèjì, ẹ̀rọ tó bá dúró pẹ́ ní Ìkọ̀yà ni mo fẹ́ rí.”

Olùkọ́ àgbà náà gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó sì ń so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní kọjá láìdúró, èkejì náà kọjá. Wọ́n ń ṣe é bọ̀ títí ọwọ́ ọkùnrin náà fi dúró lójijì.

“Èyí dúró. Níwájú ilé òkú gan-an.”

“Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀?”

Ó kà á sókè. “Jùwọ́nlọ́lá.”

Ẹ̀rín músẹ́ kan gba ojú akọ̀wé náà. “A jẹ́ pé èmi ni mo dúró fún òkú nìyẹn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Wọ́n rí ẹni tó dúró. Goodness ni. Ẹ̀rọ rẹ ló wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì ló pín in. Ṣùgbọ́n pé tèmi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ pé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó lè wà lọ́wọ́ Tóbi, ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó lè wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.”

Ọmọ́lẹ́yẹ mi orí. Nínú ìbínú rẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn bí ó ti yẹ.

“Òótọ́ lo sọ. Ọ̀gá Dèjì, ẹ fi ẹ̀rọ Goodness hàn wá. Ìlà nìkan ni wọ́n fi hàn yín tẹ́lẹ̀. Ẹ wo aago ara rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbí, èwo ló kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré?”

Ọ̀gá Dèjì wò ó, ó tún un wò. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó sì tún wò.

“Èyí ló kọ́kọ́ wọlé,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti gbẹ. “Ó wọlé ṣáájú gbogbo wọn.”

“Ta ló sì kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré lójú gbogbo ìlú? Ta ni wọ́n gbé lé èjìká?”

Goodness sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ó sáré ṣáájú wa nígbà tí a kúrò ní Òkìtìpupa. A kò rí i mọ́. Gbogbo wa rò pé ó ti jìnnà síwájú ni.”

“Ìyẹn náà kò ju àṣìṣe ìjọ lọ!” Jùwọ́nlọ́lá dìde. “Bí mo bá tiẹ̀ gba inú oko, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo gbé! Ta ló máa wo orúkọ lára ẹ̀rọ?”

“Jókòó.” Ọmọ́lẹ́yẹ kò gbé ohùn sókè. “Ọ̀gá Dèjì, nígbà wo ni ẹ̀rọ yìí máa ń fi orúkọ hàn?”

“Nígbà tí a bá ń tàn án nìkan. Bó bá ti tàn tán, orúkọ á wọlé.”

“Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ti tàn kí Wòlíì tó pín wọn. Ìdí nìyẹn tí Goodness kò fi rí orúkọ kankan títí ó fi parí eré. Ẹ bá mi wo ìrìn ẹ̀rọ Goodness yìí láti ṣọ́ọ̀ṣì.”

Alága fi ìka tọ ìlà náà lórí àwòrán. “Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lọ sí ibi tí a ti gbéra. Ó yà sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá ní Igbodigo. Wọ́n pa á níbẹ̀, nínú agbo ilé kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún tàn án.” Ó gbójú sókè, omi sì ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. “Jùwọ́nlọ́lá, ilé bàbá rẹ nìyí. Mo ti jẹun níbẹ̀.”

“O fẹ́ kí bátìrì rẹ pẹ́,” ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí. “O pa á, o sì tún tàn án. Orúkọ Goodness jáde sí ọ lójú kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni rere ì bá sáré dá a padà. Ìwọ rí i pé ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbà lọ́jọ́ náà, ọrùn ẹlòmíràn ni yóò wà. A kì í gba ọ̀nà àbùjá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, Jùwọ́nlọ́lá. Ibi tí a bá gbà gùn ún náà ni.”

Ọ̀gá Dèjì yíjú sí Goodness. “Ọmọ mi, mo fi ọwọ́ ara mi...”

“Ẹ sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé mo purọ́, Sà,” ni Goodness dá a lóhùn. “Iwájú gbogbo wọn náà ni kí ẹ ti sọ èyí.”

“Mà á sọ ọ́.”

Jùwọ́nlọ́lá ti ká ọwọ́ mọ́ àyà. “N kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rọ ni yóò rojọ́ fún yín, kì í ṣe èmi. Ẹnì kan ò rí mi.”

Inú bí Ọmọ́lẹ́yẹ dé góńgó. Ó mọ̀ pé ẹ̀rí òun tó, pé Goodness kò ní dé iwájú adájọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò bèèrè ẹ̀rọ, tí kò sì bèèrè adájọ́.

“Philemon,” ni ó wí, “mú un wá.”

*

Ní ọsibítù, Goodness kọ́kọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì kí Màmá Ẹniìtàn. Màmá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó wò ó fínnífínní.

“Ìwọ ni wọ́n ní o gbá mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Màmá.”

“Kò jọ ọ́. Ẹni tó bá lè kúnlẹ̀ báyìí yóò fà mí dìde.”

Jùwọ́nlọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà, Philemon wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dé akoto. Kò sí dígí lójú rẹ̀, kò sì sí aṣọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wo ọ̀nà tó gbà wọlé; ṣùgbọ́n ọ̀nà kò sí mọ́. Ọmọ́lẹ́yẹ fa àga sẹ́yìn, ó yẹra, kí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn.

“Sún mọ́ mi, ọmọ mi,” ni Màmá wí, bó ti ń pe gbogbo ènìyàn. “Ojú mi kò ríran jìnnà.”

Ó sún mọ́ ọn. Ó rí igi tí wọ́n fi di itan náà, ó rí ẹsẹ̀ wíwú tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ. Agídí tó gbé wá láti pálọ̀ alága bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú rẹ̀.

“Mo ti ń bi gbogbo wọn,” ni Màmá wí. “Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá ní kí n ní sùúrù. Ìwọ náà ni mo fẹ́ bi. Ta ló gbá mi?”

Jùwọ́nlọ́lá di irin bẹ́ẹ̀dì mú, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀.

“Èmi ni, Màmá. Èmi ni mo gbá yín. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí ní ọmọ yín, mo sì lọ.”